Tánganran Tí Kò Gbọdọ̀ Jò

Ọjọ́ Ajé, 13 Jánúárì

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, Dóyin, má bá mi tún un ṣe.

Èmi Akínbámi, ọmọ Adéògún àgbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ni mo ń sọ̀rọ̀. N kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo bá rí. Dóyin, ìyàwó ọmọ mi, ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tó bá ti ọsibítù dé, bí kò bá rẹ̀ ẹ́ jù.

Ìdí tí mo fi fẹ́ kí a kọ ọ́ ni pé òní ni Gbénga ọmọ mi gba kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá méjì ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ilé wa ní New Brighton bí kò bá sí snow. Ó ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi ń da ìyẹ̀fun pọ̀ nínú basement, tó ń sun ún, tó ń dà á nù, tó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣe, capacitor ni wọ́n ń pè é, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Tánganran ni, ó funfun, ó fẹ́lẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jókòó sáàárín iná mànàmáná méjì kí wọ́n má baà fara kanra. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní irú rẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti pọ̀ jù, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jò gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á sì kú. Ti Gbénga ni kò ní jò.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní ìlú yìí tó ń gbẹ́ ihò lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ láti wá omi gbígbóná tí wọ́n lè fi ṣe iná. Ooru ibẹ̀ tó igba dígírì ó lé àádọ́ta. Epo tí a fi ń din àkàrà kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí tánganran ọmọ mi bá lè gbé inú irú ooru bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjò, wọn yóò gbà á. Bí òpin Épírì bá dé tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò lọ ra ti àwọn ará Japan, ọdún márùn-ún Gbénga á sì di àlàyé.

Kò fẹ́ kí n bá òun wá síbẹ̀. Ó ní nítorí insurance. Mo ní kí insurance fúnra rẹ̀ wá bá mi sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé Calgary, fèrèsé ni mo ń wò, ọmọ àgbẹ̀ kì í sì í wo fèrèsé. Ó ní ó dáa, kí n máa bá òun ku ìyẹ̀fun. Ìyá mi kò bí ọmọbìnrin, èmi ni mo ń bá a ku èlùbọ́ títí mo fi gbó. Kò sí ohun tí asẹ́ fẹ́ kọ́ mi.

Nígbà tí a fẹ́ po ti àkọ́kọ́, Gbénga jáde lọ gbé àpótí kan nínú mọ́tò. Mo ti di iyọ̀ díẹ̀ sínú bébà láti ilé. Mo fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀ sínú omi tí a fẹ́ fi pò ó, bí a ṣe ń fi kan ẹnu ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, mo ní kí iṣẹ́ yìí dùn, kí ó má ṣe bà jẹ́, nítorí iyọ̀ kì í bà jẹ́. Mo ṣe àmín fúnra mi. Snow ń bọ́ lóde.

Ẹtì, 17 Jánúárì

Lánàá, minus eighteen. Lónìí, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Chinook fẹ́ wá láti orí òkè, mo bọ́ kóòtù, omi ń ṣàn lójú títì. Ìlú tí kò mọ ohun tó fẹ́.

Dóyin wà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn ará wa ní Penbrooke Meadows. Iṣu kan ṣoṣo, dọ́là mẹ́rìndínlógún. Mo gbé e padà. Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Bàbá, ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e wá." Mo ní èmi náà, ọkọ̀ òfuurufú ló gbé mi wá, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ gbówó lé mi lórí.

Gbénga ti tẹ ìyẹ̀fun náà di bọ́tìnnì ogójì, ó ti kó wọn sínú ìléru. Ó ń rìn yí ìléru ká bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Jánúárì

Ìdáná kìíní, àwọn tí a kọ́kọ́ sun, kú. Ní tútù, kò sí èyí tó jò. Gbénga to mẹ́rìnlélógún nínú wọn sínú àpótí ooru tó fi ń dán wọn wò, ó so wáyà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kìíní, dáadáa. Ọjọ́ kẹta, iná ń gba inú gbogbo wọn kọjá bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ pé ooru ìléru kò tó. Mo ní kó fi kún un.

Ìṣẹ́gun, 4 Fẹ́búárì

Minus thirty-one. Itọ́ mi dì kó tó bọ́ sílẹ̀, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí n lè rí i dájú.

Ìdáná kejì kú ní ọjọ́ kẹta gẹ́gẹ́ bí èkíní.

Titus wá wò wá. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, òun sì ni ọ̀gá tó ń yan ohun tó ń wọ inú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ tó ń gbẹ́ ihò yẹn. Ó kí mi dáadáa, ó ní ṣé n kò ní sinmi nílé nínú òtútù yìí. Mo ní ọjọ́ tí mo bá kú ni n ó sinmi, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ilẹ̀ ibí le jù láti gbẹ́ títí òtútù á fi lọ, nítorí náà mo ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo àbájáde ìdánwò méjèèjì, ẹ̀rín tán.

Ó sọ fún Gbénga pé, "Àbúrò, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ihò ilẹ̀ ò fẹ́ràn ẹnì kankan. Òpin April, finish."

Mo bi í bóyá ọjọ́ kan ni àwọn ará Japan fi mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní rárá o, Daddy. Mo ní ẹ jẹ́ kí tiwa náà pẹ́ díẹ̀ nígbà náà. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Ìkẹta kú.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Mo ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Yìnyín bo ilẹ̀ bí dígí, n kò rí i. Orúnkún mi wú tó orí ọmọdé. Dóyin wé e, ó ní ọjọ́ mẹ́wàá, n kò gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun ni nọ́ọ̀sì, èmi kọ́. Ó ti kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó sọ pé kó kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Fèrèsé. Aládùúgbò wa kó snow kúrò níwájú ilé ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo kà á.

Gbénga ti dáná ẹ̀ẹ̀kẹrin láìsí èmi. Ó fi ẹ̀rọ kù ú. Mo bi í bó ṣe kúnná sí, ó ní ó kúnná. Mo ní ṣé ó kúnná bíi tèmi. Ó wo òkè àjà, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí orúnkún yín jinná." Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì

Ìkẹrin ti lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú ooru, kò sí ẹyọ kan tó jò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún wà láàyè. Gbénga pariwo lórí fóònù débi pé n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, Dóyin ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ìgbà tó dáná ti ẹ̀ẹ̀kẹrin yìí, ó jẹ́ kí ìléru tutù díẹ̀díẹ̀, kò yára ṣí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣíṣí ìléru kíákíá ló ń pa wọ́n.

Ọjọ́ mẹ́wàá Dóyin di ọjọ́ mọ́kàndínlógún, òní ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún mi ní ọ̀pá, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ku ti ẹ̀ẹ̀karùn-ún fúnra mi, mo sì gbàdúrà sí i bó ṣe yẹ, torí ti ẹ̀ẹ̀kẹrin kò rí àdúrà mi gbà, ó sì dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 10 Máàṣì

Ìkarùn-ún kú. Ìléru tutù díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wí. Ó kú bákan náà. Gbénga jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ìléru, fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ó kó márùn-ún nínú àwọn tó kú, ó kó márùn-ún nínú àwọn tó kù lára ìkẹrin, ó gbé wọn lọ bá obìnrin kan ní yunifásítì tó ní ẹ̀rọ tí ń wo inú nǹkan dé ìdí.

Mo sọ fún un nínú mọ́tò pé bàbá mi gbin kòkó lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó mú. Ó ní, "Bàbá, kòkó ò ní deadline." Mo ní òjò ni deadline kòkó. Ó yí rédíò sílẹ̀.

Ẹtì, 14 Máàṣì

Ìkẹrin pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, kò jò. Gbénga pe Titus láti fi yọ̀. Titus ní kó fi fóònù sí speaker kí èmi náà lè gbọ́.

Ó ní, "Mẹ́rin kú, ọ̀kan yè. Bí ẹ ò bá mọ ohun tó pa mẹ́rin, ẹ ò mọ ohun tó gba ọ̀kan là. Mi ò lè gbé oríire sọ sínú ihò."

Mo fẹ́ bú u. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, kò ṣeé bú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìwé obìnrin yunifásítì dé. Sodium ló wà nínú àwọn tó kú, kò sí nínú àwọn tó yè. Gbénga ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: sodium ni èyí tó wà nínú iyọ̀. Nínú òtútù, ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ooru bá mú un, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri inú tánganran, yóò sì gbé iná dání bó ṣe ń rìn. Ó ní iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ni, abẹ́ bàtà wa la fi ń kó o wọlé. Mo ní mo ti mọ̀. Mo ní ìlú wo ló ń da iyọ̀ sílẹ̀ bí ìyẹn, ìlú tó ń fi ọbẹ̀ fọ títì. Gbénga ra ẹní àti sílípáàsì, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà.

Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì

Mo ń sọ fún Dóyin nípa ẹní yẹn, bí Gbénga ṣe ní kí n bọ́ bàtà, kí n gbọn ṣòkòtò mi bí ẹni tó ti inú eruku wá. Mo ń sọ ọ́ lọ ni n kò gbọ́ ìró ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Daddy, ẹ dúró ná." Ó wá ibi ọjọ́ kìíní nínú kọ̀ǹpútà, ó ka ohun tí mo sọ fún mi, títí dé ibi tí mo ti ṣe àmín.

"Daddy, ṣé ọjọ́ yẹn nìkan ni?"

Mo ní kí ló kàn án nínú àdúrà mi.

"Ṣé ẹ bu iyọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀kẹrin?"

Mo ní kí ló dé tó ń bi mí bí ẹni tó jalè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bu ú sí ti ẹ̀ẹ̀kẹrin? Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, òun gan-an ló ń wé orúnkún mi.

Ó ń wò mí. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ.

Mo ní kí ó má kọ ọ́. Ó ní mo ti sọ fún òun pé kí òun má tún nǹkan kan ṣe. Mo ní kò gbọ́dọ̀ sọ fún Gbénga. Ó ní òun kò ní sọ, èmi ni n ó sọ.

Àìkú, 16 Máàṣì

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iyọ̀ ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ. Iyọ̀ ni mo fi sọ Gbénga lórúkọ, ó sì dàgbà, ó sì mọ̀wé. Iyọ̀ bíńtín ìka mẹ́ta kò lè pa ohun tí ẹgbẹ̀rún dígírì kò pa. Kọ ọ́ pé n kò gbà.

Ọjọ́ Ajé, 17 Máàṣì

Mo jí, n kò tíì gbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í bá ilẹ̀ jiyàn. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé irú àgbàdo rẹ̀ kò dáa, á gbin ebè mẹ́wàá ti tirẹ̀, á gbin ebè mẹ́wàá ti onítọ̀hún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, á sì pa ẹnu mọ́ títí wọn yóò fi yọ.

Mo sọ fún Gbénga pé mo fẹ́ kí ó pín ìyẹ̀fun kan náà sí abọ́ méjì fún mi, kí ó jáde, kí ó má sì bi mí ní ìdí. Ó bi mí ní ìdí. Mo ní nítorí pé èmi ni mo bí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè jà, ó pín in.

Mo bọ́ bàtà. Mo fọ ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́. Mo so òwú pupa mọ́ abọ́ kan, mo so funfun mọ́ èkejì. Mo bu iyọ̀ sí omi ti pupa. N kò bu nǹkan kan sí ti funfun. Àdúrà ni mo gbà lé méjèèjì lórí, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, iye ìgbà kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àdúrà ló fà á.

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì

Wọ́n wà nínú ìléru. Snow tún bọ́. Ẹyin méjìlá di dọ́là márùn-ún. N kò jẹun dáadáa.

Ìṣẹ́gun, 25 Máàṣì

Ọjọ́ kẹta nínú àpótí ooru. Méjìlá funfun, kò sí èyí tó jò. Méjìlá pupa, gbogbo wọn ti kú.

Gbénga ń ti orí kọ̀ǹpútà bọ́ sí orí àpótí, ó ń ti orí àpótí padà sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ ṣe sí pupa?"

Mo dìde. N kò kúnlẹ̀, n kò bẹ̀bẹ̀, orí ìdúró ni mo ti sọ ọ́ fún un: iyọ̀ ni mo bù sí i, mo bù ú sí èkíní, mo bù ú sí èkejì, sí ẹ̀kẹta, sí ìkarùn-ún. Ìkẹrin nìkan ni n kò bù ú sí, nítorí pé mo ṣubú.

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ó ní, "Oṣù méjì, Bàbá." Ó wà mí délé láìtan rédíò. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má wulẹ̀ wá lọ́la.

Ọjọ́rú, 26 Máàṣì

Mo lọ. Gbénga ti gbé mọ́tò lọ, mo fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbà mí ní ìṣẹ́jú àádọ́ta, torí orúnkún. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kó àwọn abọ́ àtijọ́ sínú àpò ìdọ̀tí. Mo ní kó kó wọn sílẹ̀, èmi ni mo ba wọ́n jẹ́, èmi ni n ó fọ̀ wọ́n. Ó ní kò ṣeé fọ̀, tuntun ni òun máa rà. Mo ní asẹ́ ńkọ́, tábìlì ńkọ́, ara ògiri ńkọ́, ṣé ògiri tuntun ló fẹ́ rà?

Mo fi omi tí wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú rẹ̀ nù ún, omi inú gálọ́ọ̀nù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta láti òkè dé ilẹ̀. Aago márùn-ún lù, mo ṣì wà lórí àga, mò ń nu ẹ̀yìn iná òkè àjà. Ó bá mi di àga náà mú. Ó dì í mú títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 1 Épírì

Tuntun, mẹ́rìnlélógún, wọ inú ooru ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún ni. Kò sí àyè fún òmíràn lẹ́yìn èyí. Èmi ni mo kù ú. Gbénga dúró tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo jẹ́ kó wò ó.

Ọjọ́rú, 9 Épírì

Ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n wà. Gbénga bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó pẹ́ tó ti bi mí.

Ẹtì, 11 Épírì

Afẹ́fẹ́ ńlá láti àárọ̀, iná ilé iṣẹ́ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Èmi àti Gbénga sáré síbi àpótí ooru, a forí gbárí. Àpótí náà kò kú. Gbénga fọwọ́ pa iwájú orí mi, ó ní, "Ṣé ó dùn yín?" Mo ní orí tirẹ̀ ni kó wò. A rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 20 Épírì

Àjíǹde. Titus jókòó níwájú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò yíjú padà. Ó ku ọjọ́ méjì.

Ìṣẹ́gun, 22 Épírì

Aago mẹ́wàá. Mẹ́rìnlélógún. Kò sí ẹyọ kan tó jò.

Ọjọ́rú, 23 Épírì

Gbénga kọ ìwé tó fẹ́ gbé lọ fún Titus. Mo ní kí Dóyin kà á fún mi ní Yorùbá. Ó kà á. Ó dé ibi tó ti sọ nípa àwọn tó kú, ó rọra ń kà á. Gbénga kọ ọ́ pé iyọ̀ wọ inú wọn láti ọ̀nà tí kò dájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ojú títì, àti pé a ti tún ilé ṣe.

Mo pè é wálẹ̀ láti òkè. Mo ní irọ́ lo kọ.

Ó ní, "Bàbá, mo ń bò yín ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé bàbá mi bu iyọ̀ sí capacitor? Kí wọ́n máa fi yín ṣe jokes?"

Mo ní, "Òkú ni wọ́n ń bò. N kò tíì kú."

Ó ní kí n jọ̀ọ́. Mo ní Titus ti sọ ohun tó fẹ́ mọ̀: ohun tó pa mẹ́rin. O mọ̀ ọ́n, o fẹ́ lọ dúró níwájú rẹ̀ kí o sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Oríire ni á tún pè é, á sì tọ̀nà. Nítorí ojú èmi nìkan, o fẹ́ ju iṣẹ́ ọdún márùn-ún nù? Mo ṣe àṣìṣe, n kò ṣe ohun ìtìjú. Èmi ni mo bù ú, èmi náà ni mo dán an wò, kọ méjèèjì. Kọ orúkọ mi, má kọ "Bàbá Gbénga".

Dóyin ti ìwé náà padà síwájú Gbénga.

Gbénga jókòó. Nígbà tó yá, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ìka mélòó lẹ fi ń bù ú?"

Mo ní mẹ́ta.

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré wá, èyí tó lè wọn ìyẹ́ ẹyẹ. Ó ní kí n bù ú sórí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bù ú. Mo bù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ó ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù kò tó nǹkan. Mo ní mo ti sọ fún un láti ọjọ́ yìí pé ọwọ́ mi mọ òṣùwọ̀n.

Ẹtì, 25 Épírì

A wọ train lọ sí downtown, nítorí Gbénga ní òun kò lè wa mọ́tò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò mi lábẹ́ kóòtù. Yàrá tí wọ́n mú wa wọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń wo odò láti òkè, yìnyín ti kúrò lójú rẹ̀. Titus àti òyìnbó ọkùnrin méjì.

Titus ń ka ìwé náà. Ó dé ibì kan, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, mo ń wò ó títí ó fi dákẹ́.

Titus ní, "Daddy, ẹ̀yin ni Akínbámi yìí?"

Mo ní èmi ni.

Ó bi mí ta ló kọ́ mi láti pín in sí abọ́ méjì, kí n sì gbàdúrà kan náà sí méjèèjì. Mo ní bàbá mi ló kọ́ mi, lórí àgbàdo. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Òyìnbó tó rẹ́rìn-ín kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n bi Gbénga ní ìbéèrè tó pọ̀, ó ń dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó kejì na ìka sí ibi tí wọ́n kọ òṣùwọ̀n ìka mẹ́ta mi sí, ó mi orí bí ẹni tó gbà.

Nígbà tó yá Titus ní wọ́n gbà. Wọ́n fẹ́ ogójì, tí yóò wọ inú ihò ní oṣù Kẹfà. Ó ní wọ́n ti mọ ohun tó pa àwọn tó kú, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè dènà rẹ̀, ohun tí àwọn ń wá nìyẹn. Ohun kan ló kù: wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó da iyọ̀ sí i kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ náà mọ́. Ó fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ bébà àdéhùn náà, ó tì í síwájú Gbénga. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, Daddy. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

Mo ti fẹ́ sọ pé kò burú. Mo fẹ́ sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí ogójì ju èmi lọ.

Gbénga ti bébà náà padà. Kò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú Titus ló ń wò, Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òun ló ń ku ìyẹ̀fun mi. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán àṣìṣe ara rẹ̀ wò, tó ní kí n kọ orúkọ òun sí i, ẹ wá irú rẹ̀ fún mi nínú ilé iṣẹ́ yín yìí. Bí kò bá lè wọ yàrá náà, tánganran náà ò ní jáde níbẹ̀. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́."

Mo di apá rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì. Ó yọ apá rẹ̀.

Titus túmọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó tán, mo sì rò pé ó fi tirẹ̀ kún un. Àwọn òyìnbó wo ara wọn. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó gbé èjìká sókè.

Titus wo ọmọ mi, ó wò mí. Ó ní olórí kunkun méjì nínú ilé kan, Dóyin ni òun ń káàánú. Ó fa bébà náà sọ́dọ̀, ó fi bírò fa ìlà gígùn kan kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì bu ọwọ́ lù ú.